Ká Tó So Hítà Ọkọ̀ Mọ́ Kọ̀ǹpútà, Ẹ Jẹ́ Ká Kọ́kọ́ Wo Irin Tí Wọ́n Fi Ṣe É

Tẹ́nì kan bá bi mí pé kí lòun máa kọ́kọ́ wò tóun bá fẹ́ ra hítà ọkọ̀ tóun máa fi mú kọ̀ǹpútà òun tutù, mi ò ní ní kó wo bó ṣe tóbi tó, mi ò sì ní ní kó wo bóyá ó ṣì ń dán, irin tí wọ́n fi ṣe é ni mo máa ní kó wò. Gbogbo ìyókù ló ṣe é tún ṣe. Tí họ́ọ̀sì ò bá bá ẹnu ẹ̀ mu, wọ́n á bá a gé ẹnu ẹ̀, wọ́n á jó òmíràn mọ́ ọn, tí fáànù ò bá jókòó dáadáa lójú ẹ̀, á fi pánù ṣe ilé fún un. Àmọ́ tí hítà yẹn bá jẹ́ alumíníọ́mù, tí búlọ́ọ̀kù, ìyẹn irin tómi ń gba inú ẹ̀ kọjá lórí CPU tó jẹ́ ọpọlọ kọ̀ǹpútà, sì jẹ́ bàbà, ó ti kó ìjà wọlé nìyẹn, ìjà tí kò lè gbọ́ ariwo ẹ̀, ọjọ́ tómi bá kán sórí bọ́ọ̀dù ló máa tó mọ̀.

Hítà tí mò ń sọ, radiétọ̀ kékeré tó wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù ni. Omi gbígbóná láti inú ẹ́ńjìnnì máa ń gba inú ẹ̀ kọjá, fáànù á fẹ́ atẹ́gùn lù ú, ooru á wọnú ọkọ̀, kí ẹni tó ń wakọ̀ nínú yìnyín má bàa gan. Níbí ńkọ́, ta ló fẹ́ ooru nínú ọkọ̀? Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì wa, tí hítà bá ti ń jò, wọn kì í wulẹ̀ tún un ṣe, wọ́n á kàn fi páìpù kékeré kan so họ́ọ̀sì méjèèjì pọ̀, omi á máa gba ìta kọjá, hítà á sì jókòó síbẹ̀ títí ọkọ̀ á fi di kóńdẹ́ẹ̀mù. Ẹ fi èyí sọ́kàn, mo ṣì ń bọ̀ wá síbẹ̀.

Ẹni tó bá ń gé fídíò tàbí tó ń ṣe 3D á mọ ohun tó ń lé èèyàn débi omi. CPU tó ń ṣiṣẹ́ àṣekára lè máa jẹ watt 150 sí 250, káàdì gíráfíìkì lè gba 300 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, gbogbo iná yẹn pátá ló ń di ooru, fáànù á wá máa han gooro látàárọ̀ ṣúlẹ̀ nínú yàrá tó ti gbóná tẹ́lẹ̀. Omi máa ń gbé ooru ju atẹ́gùn lọ fíìfíì: pọ́ǹpù á máa ti omi yípo, á gba ooru nínú búlọ́ọ̀kù, á lọ tú u dà sínú atẹ́gùn nínú hítà, á tún padà wá. Tí omi bá ń ṣàn lítà mẹ́rin ní ìṣẹ́jú kan gba orí CPU tó ń tú watt 200 jáde, ibi tómi ti jáde ò ní gbóná ju ibi tó ti wọlé lọ ju nǹkan bíi 0.7°C. Mo fẹ́ràn figọ̀ yẹn gan-an, torí ó máa ń pa àríyànjiyàn àwọn tó ń jà lórí pé ṣé hítà ló yẹ kómi kọ́kọ́ gbà ni àbí búlọ́ọ̀kù. Èyí tó bá wù yín, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ gbà.

Àwọn ará Amẹ́ríkà ni hítà ọkọ̀ kọ́kọ́ di gbajúmọ̀ lọ́dọ̀ wọn nídìí kọ̀ǹpútà. Ní ìparí àwọn ọdún 1990 wọ ìbẹ̀rẹ̀ 2000, àwọn ọ̀dọ́ tó ń fipá mú CPU sáré ju bí ilé iṣẹ́ tó ṣe é ṣe ní kó sáré lọ pọ̀ níbẹ̀ rẹpẹtẹ, àmọ́ radiétọ̀ tí wọ́n dìídì ṣe fún kọ̀ǹpútà ò tíì pọ̀ lọ́jà, èyí tó sì wà wọ́n, ni wọ́n bá gba ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta spare parts lọ. Pọ́ǹpù inú àpótí ẹja, irú Eheim táwọn ará Jámánì ń ṣe, ni wọ́n fi ń ti omi, họ́ọ̀sì àti kílíìpù wá láti ṣọ́ọ̀bù tó ń ta nǹkan ìkọ́lé. Hítà méjì ló lórúkọ jù láàárín wọn: ti Chevrolet Chevette, ọkọ̀ kékeré kan tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà láti 1976 títí dé 1987, àti ti Pontiac Bonneville ọdún 1977. Ti Chevette fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe déédéé fáànù 120 mm kan, ti Bonneville gùn jù ú lọ, ó lè gba méjì. Kì í ṣe pé àwọn ọkọ̀ yẹn ní nǹkan àrà kan o. Bàbà àti idẹ ni hítà wọn, òjé àti tánńganran ni wọ́n fi jó o pọ̀, ó wá bá búlọ́ọ̀kù bàbà orí CPU mu, wọn ò bá ara wọn jà. Nígbà tó yá, àwọn bíi Hardware Labs ní ilẹ̀ Philippines bẹ̀rẹ̀ sí í ta radiétọ̀ kọ̀ǹpútà gidi, Black Ice lorúkọ tiwọn, èrò ọ̀dọ̀ hítà ọkọ̀ sì dínkù. Àmọ́ ní tiwa níbí, tí èèyàn bá ro owó radiétọ̀ tuntun pọ̀ mọ́ dọ́là àti owó kọ́sítọ́ọ̀mù, á rí i pé hítà ọkọ̀ ṣì lọ́gbọ́n nínú dáadáa.

Àwọn kan máa ń bẹ̀rù pé ṣé nǹkan tí ò ju ìwé bíbélì lọ yẹn á gbé ooru kọ̀ǹpútà. Á gbé e. Nínú ọkọ̀, omi tó ń wọnú ẹ̀ gbóná tó 85 sí 90°C, ooru tó ń fẹ́ jáde á tó kilowatt mélòó kan. Nínú kọ̀ǹpútà, omi ò ní gbóná ju yàrá lọ ju bíi 10°C, agbára ẹ̀ á wálẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n CPU náà kì í ṣe ẹ́ńjìnnì. Ohun tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ gbà látìbẹ̀rẹ̀ ni pé omi ò lè tutù ju atẹ́gùn tó ń fẹ́ sí hítà lọ. Tí yàrá bá jẹ́ 34°C ní ọ̀sán oṣù kẹta n'Ìbàdàn, omi yín á lé ní 40 nígbà tíṣẹ́ bá wọra, kò sí hítà kankan láyé tó máa yí ìyẹn padà.

Ibi tí hítà ọkọ̀ ti lè já èèyàn kulẹ̀ ni bí àwọn pánù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ojú ẹ̀ ṣe há mọ́ra sí. Fáànù ọkọ̀ lágbára, ó lè ti atẹ́gùn gba àárín wọn, fáànù kọ̀ǹpútà tó rọra ń yí ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Torí náà láàárín hítà méjì tí wọ́n jọ jẹ́ bàbà, èyí tí ojú ẹ̀ ò há jù ni kẹ́ ẹ mú, kódà kó kéré díẹ̀. Tó bá tún dìgbà ọyẹ́, eruku á dí èyí tó há pa láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ má sì lẹ fáànù mọ́ ojú hítà gbágbá, ẹ fi àyè bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta sí márùn-ún sílẹ̀, kẹ́ ẹ fi pánù tàbí pákó fẹ́lẹ́ dí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ yíká, torí àárín fáànù níbi tí mọ́tò ẹ̀ wà kì í fẹ́ nǹkan kan, àyè yẹn ló máa jẹ́ kí atẹ́gùn tàn ká gbogbo ojú hítà.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wọ ọjà. Tẹ́ ẹ bá dé Ládípọ̀ ní Mushin tàbí Aráròmí ní Agodi Gate, hítà tókúnbọ̀ wà ńlẹ̀ jọ gèlètè, ẹni tó ń tà á ò sì ní bi yín pé bàbà ni àbí alumíníọ́mù lẹ fẹ́, orúkọ ọkọ̀ ló máa béèrè. Láti ìparí àwọn ọdún 1970 làwọn tó ń ṣe ọkọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi bàbà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ torí alumíníọ́mù fúyẹ́, owó ẹ̀ sì kéré, nígbà tó fi máa di àárín àwọn ọdún 1990 alumíníọ́mù ló ti gba ọ̀pọ̀ jù. Nítorí náà, hítà inú ọ̀pọ̀ Corolla àti Camry tó kún títì wa báyìí, ẹ kọ́kọ́ gbà pé alumíníọ́mù ni títí ẹ ó fi rí ẹ̀rí mìíràn. Ọkọ̀ àtijọ́ lẹ ti máa rí bàbà, tàbí hítà àfirọ́pò tí ilé iṣẹ́ mìíràn ṣe, torí àwọn kan ṣì ń fi bàbà àti idẹ ṣe é. Ẹ má kàn wá a lọ sídìí Volkswagen Ìjàpá ṣá, atẹ́gùn ló ń mú ẹ́ńjìnnì ìyẹn tutù, kò ní omi, kò sì ní irú hítà yìí rárá.

Òòfà ò lè ràn yín lọ́wọ́ níbí, kì í fa bàbà, kì í fa idẹ, kì í fa alumíníọ́mù. Ẹ gbé e lọ́wọ́ wò. Bàbà wúwo ju alumíníọ́mù lọ ju ìlọ́po mẹ́ta, 8.96 gíráàmù sí 2.70 fún kúbíìkì sẹ̀ǹtímítà kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ tó bá ti mọ̀ ọ́n á mọ̀ ọ́n. Tí orí àti ìdí ẹ̀ bá jẹ́ rọ́bà líle tí wọ́n fi eyín pánù gbá mú, alumíníọ́mù ni lọ́pọ̀ ìgbà. Tí ojú ibi tí wọ́n ti jó o bá ní òjé nípọn-nípọn tó dà bíi pé nǹkan yọ́ síbẹ̀, ẹ ti ń súnmọ́ bàbà. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ọ̀dà dúdú tàn yín o, wọ́n máa ń fi kun méjèèjì.

Bàbá kan wà tó ń jó radiétọ̀ ní Ìbàdàn níbí, ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni mo ti rí ọ̀nà tó dá mi lójú jù. Kì í wo orúkọ, kì í wo ọdún ọkọ̀. Á yí hítà dà sẹ́yìn, á mú ègé abẹ́ ayùn tó ti kán, á fi ha ọrùn páìpù níbi tó ti wọnú orí hítà, ibi tójú ò tó, á fi àtàǹpàkò nu ọ̀dà tó bó kúrò, á gbé e síta sínú oòrùn. Tó bá pọ́n, bàbà. Tó bá pupa rúsúrúsú bí ti òrùka, idẹ, ìyẹn náà dáa. Tó bá funfun báláú, á gbé e padà fún mi. “Ọmọ mi, èyí ò ní gba òjé.” Mo ní, “Ẹ ṣeun, bàbá,” mo gbé e lọ fún ẹni tó ni ín. Ohun tí bàbá ń sọ ni pé òjé tí wọ́n fi ń jó bàbà kì í mú lára alumíníọ́mù, torí gbàrà tí atẹ́gùn bá ti kan alumíníọ́mù ló ti ń ní awọ fẹ́lẹ́ kan lára tí kì í jẹ́ kí òjé wọ̀ ọ́. Awọ yẹn kan náà la ṣì máa tún sọ̀rọ̀ ẹ̀ níwájú. Àwọn tó ń ra kóńdẹ́ẹ̀mù náà mọ ìyàtọ̀ yìí dáadáa, owó tí wọ́n ń san lórí kílò bàbà yàtọ̀ pátápátá sí ti alumíníọ́mù.

Tẹ́ ẹ bá ti rí èyí tó jẹ́ bàbà, ẹ béèrè ibi tó ti wá. Mo ti sọ pé àwọn mẹkáníìkì wa máa ń fo hítà dá. Omi tó kù sínú irú hítà bẹ́ẹ̀, kò jáde, kò sì gbẹ tán, ibẹ̀ ló máa ń wà lọ́dọọdún, omi kànga tàbí omi ẹ̀rọ tí wọ́n ti ń bù sínú radiétọ̀ ni lọ́pọ̀ ìgbà, ó máa ń jẹ inú ẹ̀ ju bí ìta ṣe máa sọ lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń yan èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìlú òtútù dé, tí kúláǹtì ṣì ń kán lẹ́nu ẹ̀, ju èyí tí wọ́n tú lára ọkọ̀ tó ti rin Nàìjíríà fún ọdún gbọọrọ, bí tọ̀hún tilẹ̀ ń dán. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ di ẹnu kan, ẹ tẹ hítà bọ inú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi, ẹ fi pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́ rọra fẹ́ atẹ́gùn sí ẹnu kejì, ẹ má fẹ́ ẹ jù. Ibi tó bá ń hó, ibẹ̀ ló ń jò.

Kí ló wá dé tí mo ṣe ń pariwo irin yìí tó báyìí? Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ láyé ju kọ̀ǹpútà lọ. Ní 1761, àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì fi bàbà bo abẹ́ ọkọ̀ wọn kan tó ń jẹ́ HMS Alarm, kí kòkòrò omi má bàa lu igi ẹ̀, wọ́n sì rán an lọ sí West Indies. Nígbà tí wọ́n yẹ abẹ́ ẹ̀ wò ní 1763, kòkòrò ò rí igi jẹ, àmọ́ àwọn ìṣó irin dúdú tí wọ́n kàn mọ́ bàbà yẹn ti jẹrà, òmíràn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ohun tó ṣe mí ní kàyéfì jù nínú ìtàn yẹn ni pé àwọn ìṣó kan wà tí nǹkan kan ò ṣe, ìgbà tí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò dáadáa, bébà tí wọ́n fi wé bàbà wá láti ṣọ́ọ̀bù ló ṣì wà láàárín ìṣó àti bàbà, wọn ò yọ ọ́ tán. Bébà lásán ló gba irin yẹn là.

Tí irin méjì tí ò jọra bá wà nínú omi kan náà tí ọ̀nà tí iná lè gbà sì wà láàárín wọn, ọ̀kan á máa jẹrà, èkejì á máa gbádùn. Àwọn onímọ̀ ní òṣùwọ̀n tí wọ́n fi to àwọn irin tẹ̀léra: alumíníọ́mù wà ní −1.66 V, zinc ní −0.76, irin dúdú ní −0.44, òjé ní −0.13, bàbà ní +0.34, fàdákà ní +0.80. Èyí tí nọ́ńbà ẹ̀ bá kéré ló máa ń fi ara ẹ̀ sílẹ̀ fún èyí tí nọ́ńbà ẹ̀ ga. Láàárín alumíníọ́mù àti bàbà, fólíìtì méjì géérégé ni, bẹ́ẹ̀ bátìrì tọ́ọ̀ṣì kan ò ju 1.5 lọ. Àní bí Alessandro Volta ní Ítálì ṣe ṣe bátìrì àkọ́kọ́ ní 1800 náà nìyẹn, irin oríṣi méjì tó tò léra wọn, páálí tí wọ́n rẹ sómi iyọ̀ láàárín. Ohun tí Volta mọ̀ọ́mọ̀ ṣe kó lè rí iná ni ẹni tó so hítà alumíníọ́mù mọ́ búlọ́ọ̀kù bàbà ń ṣe, kò kàn ní wáyà tó máa fi gba iná yẹn ni.

Ẹ̀yin kan á sọ pé, “Ṣebí họ́ọ̀sì rọ́bà ló wà láàárín wọn, wọn ò kanra.” Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ̀yin náà ẹ wò ó, hítà ti wà lára kéèsì kọ̀ǹpútà pẹ̀lú bóòtù, kéèsì jẹ́ irin, bọ́ọ̀dù náà wà lára kéèsì, ọ̀nà lè wà láàárín hítà àti búlọ́ọ̀kù láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Èkejì, èyí tó burú jù, omi fúnra ẹ̀ máa ń yọ bàbà bíńtín-bíńtín kúrò lára búlọ́ọ̀kù, ojú ò lè rí i, á gbé e lọ, á lẹ̀ mọ́ ara alumíníọ́mù nínú hítà. Gbogbo ibi tí èérún bàbà bá ti lẹ̀, bátìrì kékeré ti dé síbẹ̀ nìyẹn, á máa gbẹ́ ihò sísàlẹ̀. Kò ní jẹ ẹ́ káàkiri kó wá hàn síni, ojú kan ni á máa gbẹ́ títí á fi lu. Ní ti awọ tó ń dáàbò bo alumíníọ́mù tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ó dáa púpọ̀ nínú atẹ́gùn, àmọ́ chloride tó wà nínú omi ẹ̀rọ àti omi iyọ̀ máa ń já a, tí omi bá sì kan jù tàbí tó bá ní alkali bíi ti omi eérú jù, ó ń bó.

Alumíníọ́mù tó jẹrà kì í wábi lọ, inú omi ló máa wà, á di nǹkan funfun kíkì bí ògì tó ti silẹ̀. Ọ̀nà omi nínú búlọ́ọ̀kù òde òní tín-ín-rín gan-an, òmíràn ò tó ìdajì mílímítà, nǹkan funfun yẹn á lọ jókòó sẹ́nu ẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ rí ni pé CPU gbóná ju bó ṣe ń gbóná lóṣù tó kọjá lọ, ẹ ó nu fáànù, ẹ ó yí péésìtì tó wà láàárín CPU àti búlọ́ọ̀kù padà, kò ní lọ.

Mo mọ ìbéèrè tó kàn. Ọ̀pọ̀ àwọn kúlà olómi tí wọ́n ń tà ní páálí, tí wọ́n ti di omi sí látilé iṣẹ́, radiétọ̀ alumíníọ́mù àti búlọ́ọ̀kù bàbà ló wà nínú wọn, kí ló dé tí tiwọn ń ṣiṣẹ́? Nítorí pé wọ́n dì í pa ni. Atẹ́gùn tuntun ò fi bẹ́ẹ̀ ráyè wọlé, omi tí wọ́n lò ti mọ́, oògùn tí ò ní jẹ́ kí irin dípatà ti wà nínú ẹ̀ ní ìwọ̀n tí wọ́n ti ṣírò, wọ́n sì ti mọ iye ọdún tí wọ́n fẹ́ kó lò, lẹ́yìn ìyẹn ẹ ó ra òmíràn. Tiwa tí à ń ṣí tí à ń dé, tí à ń bu omi kún, a ò ní ìkankan nínú ohun mẹ́rin yẹn. Mi ò gbà pé oògùn ni ìyọ̀ǹda láti pa irin méjì yẹn pọ̀. Oògùn máa ń tán, kì í sì í wí fún yín lọ́jọ́ tó bá tán.

Ó ku omi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lo pure water. Ó mọ́ fún mímu ni, ìyẹn ò ní kó mọ́ fún bàbà, iyọ̀ inú ilẹ̀ ṣì wà nínú ẹ̀, wọ́n tún lè ti fi chlorine sí i. Omi bóhòlù burú ju ìyẹn lọ. Omi tó ń kán láti ara AC, àwọn kan gbà pé ó dà bíi distilled, ìyẹn omi tí wọ́n sè tí wọ́n wá sọ oru ẹ̀ padà di omi, lóòótọ́ látinú atẹ́gùn ló ti wá, àmọ́ ó ti fọ eruku yàrá, ó ti gba ara irin AC kọjá, kòkòrò sì ti wà nínú ẹ̀ kó tó dé inú bọ́kẹ́ẹ̀tì yín. Omi distilled gidi lẹ fẹ́, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta bátìrì inverter lẹ ti máa rí i, kẹ́ ẹ sì ka ara ike ẹ̀ dáadáa, torí wọ́n tún ń ta ásíìdì bátìrì nínú ike tó jọ ọ́, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń pe méjèèjì ní omi bátìrì.

Òun nìkan kọ́ ṣá. Omi distilled tó bá ti wà pẹ̀lú bàbà fún ìgbà díẹ̀ kì í ṣe distilled mọ́, ó ti gba nǹkan mọ́ra, iná á sì gba inú ẹ̀ kọjá, torí náà ẹ má rò pé tó bá jò sórí bọ́ọ̀dù kò ní ṣe nǹkan. Ẹ nílò oògùn ìpatà nínú ẹ̀. Kúláǹtì ọkọ̀ ní in, glycol tó wà nínú ẹ̀, tí kì í jẹ́ kómi di yìnyín, la ò nílò torí kò sí yìnyín ní Ìbàdàn, oògùn tí wọ́n pò mọ́ ọn la fẹ́. Ibi tí mo ti yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀ èèyàn nìyí: wọ́n máa ń ní kí kúláǹtì jẹ́ ìdá mẹ́wàá péré nínú ọgọ́rùn-ún kómi lè gbé ooru dáadáa. Tẹ́ ẹ bá là á tó bẹ́ẹ̀, ẹ ti la oògùn náà pẹ̀lú, glycol kékeré sì tún lè di oúnjẹ fún kòkòrò dípò kó pa á. Ohun tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é ń kọ sára ike kì í sábà dín ní ìdá kan nínú mẹ́ta. Ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n sí ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún tẹ́ mi lọ́rùn, ìgbóná tó máa fi lé e kéré, tí gbogbo ẹ̀ bá sì jẹ́ bàbà àti idẹ, ẹ ó sùn dáadáa. Tí ike kúláǹtì ò bá kọ ohun tó wà nínú ẹ̀, tó jẹ́ àwọ̀ nìkan lẹ rí, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.

Àwọn kan máa ń ju wáyà fàdákà sínú omi kí ewédò má bàa hù. Ó máa ń ṣiṣẹ́ tó bá jẹ́ bàbà nìkan ló wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ wo fàdákà nínú òṣùwọ̀n tí mo kọ sókè yẹn, òun ló ga jù, tí búlọ́ọ̀kù yín bá ní nickel lójú tí nickel yẹn sì ti bó níbì kan, ẹ má fi fàdákà súnmọ́ ọn. Kẹ́ ẹ lo họ́ọ̀sì dúdú tí ìmọ́lẹ̀ ò lè wọ̀ ló rọrùn jù, ewédò ò lè hù nínú òkùnkùn.

Ẹ gbọ́dọ̀ fọ hítà tókúnbọ̀ kó tó wọnú kọ̀ǹpútà. Ẹ da kúláǹtì àtijọ́ jáde sínú ike, ẹ má dà á sílẹ̀, májèlé ni ethylene glycol, ó sì dùn lẹ́nu, ewúrẹ́, ajá àti ọmọdé lè lá a. Ẹ fi omi gbígbóná ṣan hítà títí omi á fi mọ́, ẹ wá da fínígà funfun tẹ́ ẹ ti fi omi là sí i, ẹ mì ín, kó má pẹ́ nínú ẹ̀ torí fínígà máa ń yọ òjé tí wọ́n fi jó o, kẹ́ ẹ sì wọ ìbọ̀wọ́. Ẹ má ṣe é níbi tẹ́ ẹ ti ń fọ abọ́. Lẹ́yìn náà omi tí wọ́n po baking soda díẹ̀ sí, lẹ́yìn náà omi, omi, omi, kẹ́ ẹ fi distilled ṣan kẹ́yìn. Èyí tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jó páìpù tuntun sí, ẹ fọ òun náà, nǹkan tí wọ́n fi ń jẹ́ kí òjé wọ̀ máa ń ṣẹ́kù sínú ẹ̀, ó sì máa ń sọ bàbà di àwọ̀ ewé.

Tẹ́ ẹ bá ti to gbogbo ẹ̀ tán, ẹ jẹ́ kí pọ́ǹpù nìkan ṣiṣẹ́ mọ́jú kẹ́ ẹ tó tan kọ̀ǹpútà, kẹ́ ẹ tẹ́ bébà funfun sábẹ́ gbogbo ibi tí kílíìpù wà. Tí bàbà inú ẹ̀ bá dúdú lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ẹ má dààmú, bó ṣe ń rí nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá rí àwọ̀ ewé tàbí nǹkan funfun, ẹ tú búlọ́ọ̀kù. Lọ́dọọdún, ẹ da omi inú ẹ̀ nù, kẹ́ ẹ fi tuntun sí i pẹ̀lú kúláǹtì tuntun, kódà tó bá ṣì mọ́ lójú.

Fún ẹni tó ti ra ti alumíníọ́mù ná, tówó sì ti bọ́, ọ̀nà kan ṣoṣo tó dá mi lójú ni kí gbogbo ẹ̀ jẹ́ alumíníọ́mù, búlọ́ọ̀kù náà pẹ̀lú. Ó ti wà rí, EK, ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe nǹkan tí wọ́n fi ń fi omi mú kọ̀ǹpútà tutù, gbé irú ẹ̀ jáde ní 2017, alumíníọ́mù látòkè délẹ̀, wọ́n pè é ní Fluid Gaming. Kẹ́ ẹ kàn yẹ àwọn ẹnu họ́ọ̀sì wò o, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ idẹ tí wọ́n fi nickel bò lójú, idẹ yẹn sì ní bàbà nínú, ẹ ha ìdí ọ̀kan wò kẹ́ ẹ tó dì í mọ́ ọn.